Kí Ẹ Tó Fi Ìtì Igi Kọ́lé

Bí ẹ bá fi bulọ́ọ̀kù mọ ògiri lónìí, gíga tó wà lónìí náà ni yóò wà lọ́dún mẹ́wàá òní. Ògiri tí a fi odindi ìtì igi tò lé ara wọn kò rí bẹ́ẹ̀: yóò wálẹ̀. Kì í ṣe pé ilé ń rì o. Igi ló ń gbẹ, tó ń súnkì. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bá ayàwòrán ilé yín sọ, kí ẹ tó sọ ti iye yàrá.

Ìtì igi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú ní gígùn bó bá ń gbẹ. Sísanra rẹ̀ ló ń dín kù. Sísanra ìtì kan lórí òmíràn ló sì para pọ̀ di gíga ògiri. Àwọn tó ń fi igi tútù kọ́lé máa ń ṣírò pé ògiri lè fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú láàárín ọdún mélòó kan. Fún ògiri tó ga ní mítà 2.4, ìyẹn ti tó sẹ̀ǹtímítà 14. Igi tí wọ́n ti gbẹ dáadáa kì í wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun náà á ṣì wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gba ẹni tó bá ní igi tòun kì í súnkì rárá gbọ́.

Mo ti dúró níwájú ilẹ̀kùn kan tí onílé ní láti fi èjìká tì kó tó ṣí. Gíláàsì fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là láti igun dé igun. Nígbà tí káfíńtà tú pákó tí wọ́n fi bo òkè ilẹ̀kùn náà, a rí ohun tó fà á: agbaṣẹ́ṣe ti ki igi bọ àlàfo òkè férémù, ó sì kàn án níṣòó pa. Ògiri ń wálẹ̀, kò rí ibi lọ, ló bá gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé férémù. Ó dùn mí, torí òwú rírọ̀ lásán ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, àlàfo gbọ́dọ̀ wà lókè gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí pákó tó bò ó sì jẹ́ èyí tí a kàn mọ́ ìhà kan ṣoṣo, yálà ògiri tàbí férémù, kì í ṣe méjèèjì. Òpó tó gbé òrùlé kì í kúrú bí ògiri, torí pé òòró ló dúró. Jáàkì tí a ń fi sípánà yí ni kó wà nídìí rẹ̀, kí a lè máa rẹ òpó náà sílẹ̀ bí ògiri ti ń wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pákó tàbí sìmẹ́ńtì bo jáàkì náà pa. Símínì tó ń gbé èéfín jáde, àtẹ̀gùn àti páìpù tó gba inú ògiri lọ sókè náà ń fẹ́ ètò tiwọn. Ẹ tẹ́ àwòrán ilé sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí àlàfo kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀tá kejì ni omi. Olú tó ń jẹ igi kì í lè ṣiṣẹ́ bí ọ̀rinrin inú igi bá ń wà nísàlẹ̀ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà igi tó ń rí ọ̀nà gbẹ ló ń pẹ́. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síwájú ògiri dáadáa, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ gbé ìtì àkọ́kọ́ ga kúrò nílẹ̀, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa ta sí i lára, kí ikán má sì rí ọ̀nà gbà láì jẹ́ pé ojú rí i. Òrùlé tí kò ní kọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mo fara mọ́, bó ti wù kí èyí tó díjú rẹwà tó lórí ìwé, torí ibi tí òrùlé méjì bá ti pàdé ni omi ti ń wá ọ̀nà wọlé.

Igi yóò sán. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Èyí tó ṣe pàtàkì ni sísán tó kọjú sókè, torí ó ń gba òjò bí abọ́. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò: bó bá tutù lọ́jọ́ kejì, ó yẹ kí wọ́n dí i. Èèpo igi gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá, torí abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí. Ọ̀dà tó nípọn tó ń dé igi mọ́lẹ̀ kò dára fún ilé yìí. Èyí tó ń wọnú igi, tó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa tún un kùn. Ìhà tí oòrùn ń pa jù ló ń tètè ṣá.

Wáyà iná ń gba inú ihò tí wọ́n lu bí wọ́n ti ń to ìtì, nítorí náà ẹ ti mọ ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò wà ṣáájú.

Ní ti owó, ẹ béèrè ohun tí iye tí wọ́n dá yín lé kó mọ́ra. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtì ògiri nìkan ni. Ìpìlẹ̀, òrùlé, fèrèsé àti kéréènì tó máa gbé ìtì kò sí níbẹ̀. Ẹ bá báǹkì àti ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kó sì wà lákọsílẹ̀ nínú àdéhùn ẹni tí yóò máa padà wá yí jáàkì, ìgbà mélòó lọ́dún, fún ọdún mélòó, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.