Rẹsítọ̀ mẹ́ta ti tó láti fi yẹ áńténà yín wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba láísẹ́ńsì rédíò àfiṣeré (amateur radio) lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ wá ń wá mítà SWR (èyí tó ń sọ bí áńténà ṣe bá rédíò mu tó, 1 ló dáa jù) kiri Àbújá, ẹ ṣe sùúrù ná. Rẹsítọ̀ óòmù 50 mẹ́ta ló máa ṣe é, tẹ́ ò bá rí 50 ẹ jó 100 méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (búráùn, búláàkì, búráùn), ó di 50 nìyẹn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi waya lọ́ o, kọ́ìlì nìyẹn máa dà.

Láti ẹnu rédíò, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀nà kan, rẹsítọ̀ méjì tò tẹ̀léra dé ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kejì, rẹsítọ̀ kan ló kọ́kọ́ wà, áńténà yín ló ṣe ìkejì rẹ̀. Ẹ fi dáyọ́ọ̀dù 1N34A àti kapásítọ̀ 0.01 µF so àárín ọ̀nà méjèèjì pọ̀, orí kapásítọ̀ yẹn lẹ máa gbé mítà DC lé. Tí áńténà bá jẹ́ óòmù 50 géérégé, fóòtì ibẹ̀ dọ́gba, mítà ò ní mì rárá.

Kí páwà rédíò yín má ju wọ́ọ̀tì 1 lọ, ó ti tó, torí àwọn rẹsítọ̀ yẹn ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ yọ áńténà, ẹ ka mítà, ká ní 3 ni. Ẹ so ó padà láì fọwọ́ kan páwà, ó wá sí 0.6, ẹ fi 3 pín in, 0.2 nìyẹn. Ẹ fi 1 kún un, ìyẹn 1.2, ẹ wá fi 0.8 (ìyẹn 1 tẹ́ ẹ yọ 0.2 kúrò nínú rẹ̀) pín in, SWR 1.5. Ká ní 1 ni mítà kà, SWR ti di 2. Dáyọ́ọ̀dù kì í rí fóòtì kékeré dáadáa ṣá, ó máa ń pọ́n áńténà ju bó ṣe yẹ lọ.

Lásìkò ọyẹ́, pàápàá lókè Hausa níbí, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu waya áńténà kan ẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó so ó, iná tí eruku kó sí i lára lè pa dáyọ́ọ̀dù.

Àmọ́ SWR 2 yẹn, áńténà óòmù 100 lè ṣe é, 25 náà lè ṣe é. Ẹ yọ rẹsítọ̀ tó wà lọ́nà áńténà, ẹ fi fólúùmù (rẹsítọ̀ tó ṣe é yí) óòmù 250 olókáábọ́ọ̀nù sípò rẹ̀, ẹ yí i títí mítà á fi lọ sílẹ̀ jù, ẹ pa rédíò, ẹ tú fólúùmù kúrò, ẹ wọn óòmù rẹ̀. Tí mítà bá kọ̀ tí ò dé òdo, gígùn waya ni ẹjọ́ wà. Dáípóòlù (áńténà waya alápá méjì) 7.1 MHz máa ń gùn tó mítà 20 lápapọ̀. Tó bá dáa ní 7.0 ju 7.2 lọ, ó gùn jù, ẹ gé e díẹ̀díẹ̀ lápá méjèèjì. Tó bá jẹ́ 7.2 ló dáa jù, ẹ fi kún un.