Ọ̀pá pútà tó ṣeé fà gùn: ìdí tó fi ń mì, tó ń yà, tó sì ń há

Ìbéèrè: Mo ń ṣe pútà kan (igi gọ́ọ̀fù tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ ihò) tí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé fà láti ínṣì 32 dé 36. Ọ̀pá tín-ín-rín wọnú èyí tó fẹ̀, síkúrù kan ló dì wọ́n mọ́ra. Tí mo bá ti fà á dé òpin, á máa mì, ojú rẹ̀ á sì máa yà bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun tó ń jẹ́ kó mì yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ́ kó yà.

Ẹ fà á dé 36, kí ẹ wá wọn iye ọ̀pá inú tó ṣẹ́ kù sínú ti òde. Bí ọ̀pá inú bá fẹ̀ tó mìlímítà 13, ẹ má jẹ́ kó dín ní mìlímítà 40; 60 ló dáa jù. Ẹ tún fi kálípà (irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan tín-ín-rín) wọn ihò ọ̀pá òde àti ara ọ̀pá inú. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti ju mìlímítà 0.2 lọ, bó ti wù kí ẹ fún síkúrù tó, á ṣì máa mì. Ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gé ọ̀pá gọ́ọ̀fù àlòkù fi ṣe ti inú. Kò lè dáa, torí ńṣe ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló máa ti fún. Páìpù tó dọ́gba látòkè délẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Ní ti yíyà, ojú kan péré ni ẹnu síkúrù ń tẹ̀ lára páìpù rìbìtì. Bọ́ọ̀lù tó bá bà létí orí pútà á fẹ́ yí i, síkúrù á sì máa ha páìpù títí á fi la ipa fún ara rẹ̀. Ẹ yọ síkúrù yẹn. Ẹ la ẹnu ọ̀pá òde sókè tó mìlímítà 25, kí ẹ fi òrùka tó ní bóòtù fún un pọ̀, irú èyí tó ń di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú. Kó má bàa yà rárá, ẹ fi epoxy (àtè líle tó máa ń gan) lẹ irin gbọọrọ sínú ọ̀pá inú, ẹ fún un ní wákàtí 24 kó gan, kí ẹ tó fi fáìlì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá inú náà pẹrẹsẹ. Kí ihò ọ̀pá òde náà ní ojú pẹrẹsẹ tó bá a mu. Ẹ má rẹ́ páìpù tí kò ní irin nínú, á tẹ̀.

Ìbéèrè: Ìkòyí la ti ń gbá tèmi. Ọ̀pá carbon ni, òrùka alumíníọ̀mù. Ó ti há, kò ṣeé fà mọ́.

Ìdáhùn: Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló fà á. Níbi tí carbon bá ti fara kan alumíníọ̀mù, tí omi oníyọ̀ sì dé ibẹ̀, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹrà. Ìyẹ̀fun funfun tó yọ níbẹ̀ ló há a. Ẹ má fi páńsà fà á, carbon á là. Ẹ tú bóòtù, ẹ da epo tó ń tú ìpẹtà sí i mọ́jú, kí ẹ máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti yọ, ẹ nù ún mọ́ tónítóní, kí ẹ fi òrùka irin tí kì í dípẹtà rọ́pò rẹ̀. Gírísì ò gbọdọ̀ kan ibi tí òrùka ti ń di ọ̀pá mú, ojú bóòtù nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún máa yọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe dráífà, igi gọ́ọ̀fù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Fún ọmọ tó ń dàgbà tàbí fún ìdánrawò, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìdíje, rárá; pútà nìkan ni òfin R&A àti USGA (àwọn àjọ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù) gbà kí gígùn rẹ̀ ṣeé yí. Pútà náà gbọ́dọ̀ nílò irinṣẹ́ kó tó yí, kò sì gbọdọ̀ tú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yí i láàárín eré, tó sì fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á lé e kúrò nínú ìdíje.

Ẹ rántí ìwúwo pẹ̀lú. Ìdajì ínṣì ń yí swingweight (ìwọ̀n bí orí igi ṣe ń wúwo lọ́wọ́ tí a bá ń fì í) ní nǹkan bíi póìntì 3, gíráàmù 2 lórí pútà sì tó póìntì 1. Ínṣì 4 (láti 32 dé 36) tí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ń wá yẹn á sọ ọ́ di pútà mìíràn lọ́wọ́. Ẹ dín in kù sí ínṣì 2, kí ẹ sì ṣe ìwọ̀n tó ṣeé pààrọ̀ sí orí rẹ̀.