Tí iná adìẹ bá jẹ yín lára, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé nìyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, tàbí tí adìẹ ń sàba lábẹ́ fèrèsé yàrá yín, tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ tí ara yín lé róńdoróńdo tó pọ́n, tó sì ń yún yín gan-an, ẹ má tíì sọ pé ẹ̀fọn ni. Kòkòrò tín-ín-tín kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ, òun là ń pè ní iná adìẹ, kò ju mìlímítà 1 lọ, ìgbà tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó ló máa ń pọ́n, inú ihò igi àti koríko ìtẹ́ adìẹ ló ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, tó bá di òru á jáde wá jẹun. Kì í gbé ara èèyàn, ó kàn ń jẹ wá kọjá ni.

Ẹ bọ́ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ sùn, ẹ lọ wẹ̀, omi àti ọṣẹ lásán ti tó, ẹ má fi kànrìnkàn gbo ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ wé áìsì, ẹ gbé e lé e fún bíi ìṣẹ́jú 10, tí NEPA ò bá sì mú iná wá, aṣọ tẹ́ ẹ rì bọ omi tútù náà á ṣe é. Calamine, oògùn olómi tí wọ́n ń fi pa ara tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, dáa, ẹ mì ín dáadáa kẹ́ ẹ tó fi òwú tọ́ ọ sí i. Ìpara hydrocortisone 1% náà dáa, díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fi pa ojú, tó bá sì jẹ́ ọmọdé ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkẹ́mísì kẹ́ ẹ tó fi pa á. Oògùn Piriton tí wọ́n ń gbé mì ń dín yíyún kù àmọ́ ó ń múni sùn, ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà kó má lò ó. Ẹ gé èékánná àwọn ọmọ, torí ibi tí wọ́n bá họ ló ń di egbò.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí Sniper pa ara o! Májèlé apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos ló wà nínú Sniper, awọ ara ń fà á wọlé, ó lè pa èèyàn, NAFDAC gan-an ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́ láti 2019.

Tí ibẹ̀ bá ń ṣọyún tàbí ibà dé, ẹ lọ rí dókítà, tí ètè bá wú tàbí èémí ò já gaara, ẹ gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín ìka ló ń yún jù, lóru, tí gbogbo ará ilé sì ń họra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ scabies, ìyẹn àìsàn awọ ara tó ń ranni, oògùn tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ fi omi gbígbóná fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ sun koríko ìtẹ́ yẹn, ẹ bu omi gbígbóná sáwọn ihò igi àgò, kẹ́ ẹ sì gbé adìẹ jìnnà sí fèrèsé, torí kòkòrò yìí lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun, ẹ ta adìẹ tán náà, ẹ ṣì máa fọ àgò ni.