Síkéèlì orí rọ́ọ̀gì: àṣìṣe àwa tó ń ṣọ́ omi ara nílé

Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé àwọn aláìsàn ọkàn ni mo máa ń bẹ̀ wò. Pé omi ń dúró sára bí ọkàn bá ti rẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Owó tí ẹ ń fi ṣòfò ló ń dùn mí.

1. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka. Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà, kì í ka omi. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi máa wálẹ̀, omi lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró.

2. Iyọ̀ "ẹlẹ́jẹ̀ ríru". Pọ̀tásíọ̀mù ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó ń lo spironolactone tàbí lisinopril, oògùn ọkàn tó ń dá pọ̀tásíọ̀mù dúró sára, kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò láìbi dókítà. Magí náà, iyọ̀ ni o.

3. Síkéèlì tí a fi ń wọn ara. Ẹ jẹ́ n mí ná.

Àwọn ọmọ bàbá kan fi síkéèlì olówó gọbọi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó ń fi èsì sórí fóònù, tó ń sọ iye omi tó wà lára. Wọ́n gbé e sórí rọ́ọ̀gì pálọ̀! Síkéèlì kì í sòótọ́ lórí rọ́ọ̀gì. Lónìí, Bàbá á gùn ún kó tó jẹun. Lọ́la, lẹ́yìn iyán. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tòun ti agbádá. Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ omi níbẹ̀? Iye omi tó sì ń pè yẹn, ìméfò ni: iná tín-ín-rín ló ń gba àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá ń ṣírò. Ẹsẹ̀ wíwú a máa dà á rú.

Síkéèlì pẹlẹbẹ inú ọjà ti tó. Ẹ gbé e sórí táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì, kó má kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá jí, tí ẹ tọ̀ tán, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, ẹ gùn ún, aṣọ kan náà lójoojúmọ́. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Lítà omi 1, kílò 1 ni. Bó bá fi ju kílò 1 lọ lé lọ́jọ́ kan, tàbí kílò 2 lọ́sẹ̀ kan, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tí àtàǹpàkò bá ń jin kòtò sójúgun.

Mo ti jágbe mọ́ ìyá kan rí pé wọ́n jẹ iyọ̀, wọ́n ti fi kílò 2 lé. Mo délé kí n tó rántí pé síkéèlì inú báàgì mi ni mo fi wọ̀n wọ́n, kì í ṣe tiwọn. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n, mo ra búrẹ́dì dání. Búrẹ́dì oníyọ̀!

Àwọn tó kù, n ò kà wọ́n mọ́. Ibuprofen tàbí diclofenac, oògùn ìrora, fún orúnkún: omi ló ń dá dúró. Fífo Lasix, oògùn tó ń mú ni tọ omi jáde, nítorí òde ìnáwó. Àti ìrọ̀rí: ẹni tó ń fi ọ̀kan sùn tẹ́lẹ̀, tó wá di mẹ́ta kó tó lè mí dáadáa, ẹ sọ fún wa. Bó bá di pé orí àga ló ń sùn, ẹ fi síkéèlì sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.