Tí adìyẹ ẹ̀yìnkùlé yín bá ń sọ ara wọn, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé

Tẹ́ ẹ bá dé ilé adìyẹ láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ọ̀kan tó ki orí bọ kọ̀rọ̀, tí ìyẹ́ ìdí ẹ̀ ti re tán, tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹ gbé e jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá oògùn o. Ojú adìyẹ kì í kúrò lára nǹkan pupa, tí ọ̀kan bá ti fi àgógó kàn án báyìí gbogbo wọn ló máa bá a sọ ọ́, ọ̀sán lè má tíì pọ́n tí wọ́n á ti sọ ọ́ pa. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ níbí ní Epe, mo rí ojú ọgbẹ́ kan tí ò ju èékánná lọ lára àgbébọ̀ mi kan, mo ní tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé màá tọ́jú ẹ̀, ìgbà tí mo máa dé ìfun ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ fi fọ egbò náà, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ fi GV sí i, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì yẹn, ó máa pa kòkòrò egbò, ó sì máa bo pupa yẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ adìyẹ tẹ́ ẹ bá ti fi GV sí lára ẹ má pa á jẹ, ẹ má jẹ ẹyin ẹ̀ náà. Ẹ wá dé e mọ́ inú àgò nítòsí àwọn tó kù, níbi tí wọ́n á ti máa rí ara wọn, torí tẹ́ ẹ bá gbé e lọ síbi tó jìnnà fún ọ̀sẹ̀ méjì, àlejò ló máa dà lójú wọn nígbà tó bá padà, ìjà tuntun nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo sísọ ló burú ṣá o. Ilé adìyẹ dà bí ilé olórogún, wọ́n ní ìyálé, ìyálé ló ń kọ́kọ́ jẹun, tí kékeré bá ṣíwájú ẹ̀ á sọ ọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn á sún, ó tán. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni ìyẹ́ ti re, àkùkọ tó ń gùn wọ́n ni, àgbébọ̀ 8 sí 10 ló yẹ kí àkùkọ kan ní, tẹ́ ẹ bá ní àkùkọ méjì sí àgbébọ̀ márùn-ún ẹ ta ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni èyí tí wọ́n ń lé kúrò nídìí oúnjẹ látàárọ̀. Lálẹ́ tí wọ́n bá ti wọlé sùn, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tó yó máa le, ti ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ á rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́.

Ẹ tó dá adìyẹ lẹ́bi, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fún un. Square feet mẹ́rin, ìyẹn àyè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tó sì gùn ní méjì, ló yẹ kí adìyẹ kan ní nínú ilé, bíi square feet mẹ́wàá níta, ìyẹn ni pé ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 tó fẹ̀ ní 4, adìyẹ mẹ́fà ló gbà, àwa kan ń kó 15 sí i. Oṣù kẹfà sí ìkeje ló máa ń burú jù lọ́dọ̀ wa, òjò ò jẹ́ kí wọ́n jáde, wọn ò ríṣẹ́ ṣe, ara ọmọnìkejì wọn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré. Ẹ so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre rọ̀ lókè orí wọn díẹ̀ kí wọ́n máa na ọrùn sọ ọ́, ẹ kó yanrìn gbígbẹ pọ̀ mọ́ eérú sínú táyà àtijọ́ kí wọ́n máa yí nínú ẹ̀, ó ń lé iná ara pàápàá.

Oúnjẹ ló wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Púrótéènì ni ìyẹ́, tí púrótéènì ò bá tó nínú oúnjẹ wọn, ìyẹ́ ara ẹlòmíì ni wọ́n máa já jẹ. Oúnjẹ léyà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tà fún adìyẹ tó ń yé ẹyin, máa ń ní tó púrótéènì 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ti wọ́n, la bá ń da èérí àti àgbàdo pọ̀ mọ́ ọn kó lè pẹ́, mo ti ṣe é rí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdí ti hó lára mẹ́rin nínú wọn. Àwa tá a wà ní Epe ò ní àwáwí, ẹ lọ sí ọjà Olúwo, ẹ bẹ àwọn ìyá tó ń ha ẹja kí wọ́n bá yín kó orí àti ìfun pa mọ́, ẹ sè é jinná dáadáa, ẹ gún un, ẹ̀kúnwọ́ kan fún adìyẹ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹyin á máa rùn ẹja. Ikán náà dáa. Ẹ sì gbé abọ́ oúnjẹ àti abọ́ omi sí ojú méjì mẹ́ta tó jìnnà síra, ìyálé ò lè ṣọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ pa á tílẹ̀ bá ṣú. Ibi tí wọ́n ń yé sí náà ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn, ẹ fi àpò ta á lójú, ọ̀kan fún àgbébọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí ìdí adìyẹ máa ń yọ síta pupa díẹ̀ tó bá ń yé, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tí ọ̀kan ò jáwọ́, ẹ gbé àpótí jókòó tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ mọ ẹni náà gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà èyí tí ìyẹ́ ẹ̀ pé jù ni. Òun lẹ máa gbé kúrò, ẹ dé e mọ́ àgò níbi tí ò ti ní rí wọn fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, àwọn tó kù á ti tún ara wọn tò, tó bá fi máa dé òun ni àbúrò. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ gé àgógó ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tó ní adìyẹ méjìlá lẹ́yìnkùlé, ó máa ń dùn wọ́n gan-an, tẹ́ni tó gé e ò bá mọ̀ ọ́n, adìyẹ yẹn ò ní lè jẹun dáadáa mọ́.

Adìyẹ tuntun ńkọ́? Ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná nítorí lúkúlúkú, àrùn tó ń ràn láti ara adìyẹ kan dé òmíì, lẹ́yìn náà ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó pàdé. Ẹ má mú ẹyọ kan ṣoṣo wọlé, ó kéré tán méjì, kí ìyà náà má baà dá lé ẹnì kan.

Èyí tó fara pa yẹn, tí egbò ẹ̀ bá ti jiná tí ìyẹ́ ti bò ó, alẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e padà, ẹ gbé e sórí igi tí wọ́n ń sùn lé láàárín àwọn tó kù. Kẹ́ ẹ wá jí lọ́jọ́ kejì kílẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹun tán.