Àṣìṣe tí à ń ṣe níbi tí a ti ń pààrọ̀ pámpásì ọmọ nígboro

Tábìlì ìpààrọ̀ pámpásì kò tíì pọ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ lè bá a ní ilé ìtura ńlá tàbí ilé ìtajà ìgbàlódé, pátákó ike tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, téèyàn ń fà wálẹ̀. Níbòmíràn, orí àga ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí ìjókòó mọ́tò ní gáréèjì.

Èyí tó burú jù ni pé ìdọ̀tí nìkan là ń sá fún. Ìyá á yínmú sí tábìlì, á nù ún títí, á gbé ọmọ lé e, á wá yíjú lọ mú wáìpù nínú báàgì tó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn gan-an lọmọ ń já bọ́. Ọmọ oṣù mẹ́rin lè ti máa yí. Èyí tí kò tíì yí náà ń fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ pátákó náà. Bó bá ń mì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kó pámpásì tuntun, wáìpù àti ọ̀rá ìdọ̀tí sítòsí kí ẹ tó gbé ọmọ lé e. Láti ìgbà náà, ọwọ́ yín kan kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ de bẹ́líìtì. Tí fóònù bá ń dún, ẹ jẹ́ ó dún. Ẹ má sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún bá yín dì í mú.

Àga oníke méjì tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kanra ní ilé àríyá, èmi ò fọwọ́ sí i rárá. Wọ́n á ya. Ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ tó wà nílẹ̀ kò níbi tó máa já bọ́ sí.

Kí lẹ máa tẹ́? Kì í ṣe ìró ìdí yín. Ìyá á tú ìró, á tẹ́ ẹ, á pààrọ̀ pámpásì tán, á gbọn ìró náà, á ró o padà. Kó tó pẹ́, etí ìró yẹn náà ló fi ń nu ẹnu ọmọ! Òjá ìpọnmọ ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ ya aṣọ kan tàbí rọ́bà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì ká a kí ojú tó kan tábìlì wà nínú.

Sanitáísà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọwọ́ tí ìgbẹ́ ti kàn. Ọṣẹ àti omi ni, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ fọ ọwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Tí ẹ̀rọ omi ò bá yọ, ẹ ra píọ̀ wọ́tà kan. Àjẹsára rotavirus (kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru) tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ti wọ ètò ìjọba láti 2022. Ẹ má fi í ṣeré, torí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru yẹn máa ń pẹ́ lórí pátákó.

Pámpásì tó ti dọ̀tí, inú ọ̀rá tí a so ni ibi tó yẹ ẹ́. Tí ẹ bá jù ú sí gọ́tà, òjò á gbé e dé odò Àlà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìtajà, ẹ fi omi ọṣẹ nu tábìlì kí ẹ tó fi bílíìsì sí i, ẹ má sì po bílíìsì mọ́ Izal.

Bí ọmọ bá já bọ́, ẹ má mì í, ẹ má da omi tútù sí i lórí. Tó bá ń bì, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí gìrì mú un, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde létí rẹ̀, ilé ìwòsàn ní kíá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.