Jáákípọ́ọ̀tì já, owó-orí ń bọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fídíò póókà olówó ńlá ta tẹ́tẹ́

Lórí ẹ̀rọ fídíò póókà onídọ́là 25 ní Las Vegas, ẹni tó bá fi ẹyọ márùn-ún ta lẹ́ẹ̀kan ti fi dọ́là 125 sílẹ̀ kí káàdì tó yọ. Bí káàdì mẹ́rin bá bára wọn mu lórí Jacks or Better, irú fídíò póókà kan, dọ́là 3,125 ni. Ẹ̀rọ á há, iná orí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, òṣìṣẹ́ á sì mú fọ́ọ̀mù W-2G dé, ìwé tí wọ́n fi ń sọ iye téèyàn jẹ fún àwọn agbowó-orí. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo máa ń bá àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà kọ ìwé owó-orí wọn, ohun tí mo ń rí níbẹ̀ sì ń dùn mí.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn pe ẹlòmíràn wá gba owó. Èèyàn á rántí pé gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ ń bẹ lọ́rùn òun, kí wọ́n má bàa fi owó náà san án, á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀: “Mú ID rẹ wá, jókòó síbí.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ló ni owó, kámẹ́rà òkè sì ti rí i. Irọ́ lórí ìwé ìjọba ni, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ jọ dáwó ta tẹ́tẹ́ náà, fọ́ọ̀mù 5754 ló wà fún pínpín in.

Wọ́n tún ń ṣi òfin tuntun gbọ́. Láti 1977, bí èèyàn bá jẹ tó dọ́là 1,200 ni fọ́ọ̀mù máa ń jáde. Láti January 2026, ó di 2,000. Lórí ẹ̀rọ onídọ́là 10, káàdì mẹ́rin ń mú 1,250 wá, kò sì ní fọ́ọ̀mù mọ́. Ṣùgbọ́n owó-orí ṣì wà lórí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń bí owó-orí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni àdánù tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ déètì, orúkọ ilé tẹ́tẹ́, nọ́mbà ẹ̀rọ, iye tẹ́ ẹ mú wọlé àti iye tẹ́ ẹ mú jáde, lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé tí ilé tẹ́tẹ́ ń fúnni lópin ọdún kò tó fún ẹ̀rí. Bí tẹ́tẹ́ kì í bá ṣe iṣẹ́ èèyàn, àfi kó to ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí Schedule A, ojú ìwé kan nínú ìwé owó-orí, kó tó lè yọ àdánù kúrò nínú owó tó máa san owó-orí lé, kò sì lè ju iye tó jẹ nínú tẹ́tẹ́ lọ. Láti 2026, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àdánù nìkan lòfin gbà. Ẹni tó jẹ 100,000 tó sì pàdánù 100,000 á san owó-orí lórí 10,000 tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kò tọ́, ṣùgbọ́n òfin ni.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá ṣèbẹ̀wò, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó jẹ ni wọ́n máa yọ, torí kò sí àdéhùn owó-orí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹni tó ń gbé London ní àdéhùn tirẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nínú èyí. Ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù. Kí ẹni tó ń gbé London yìí wá ITIN, nọ́mbà owó-orí fún ẹni tí kò ní ti Social Security, kó sì sọ nípa àdéhùn náà kí wọ́n tó kọ ìwé.

Ẹni tó ní nọ́mbà Social Security sábà máa ń gba gbogbo owó rẹ̀ lódindi, ìdí nìyẹn tó fi ń rò pé ọ̀ràn owó-orí ti parí. Tó bá kọ̀ láti fún wọn ní nọ́mbà náà, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa lọ. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó yọ owó-orí díẹ̀ kó tó ka ìyókù lé yín lọ́wọ́. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ ẹ bá béèrè.